Ẹjọ́ Tí Mo Fi Ìdọ̀bálẹ̀ Parí

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba ẹ̀jẹ̀ lára ènìyàn. Ní ilé ìwòsàn kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, láti aago méje àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán, apá ni mò ń wò, n kì í fi bẹ́ẹ̀ wojú. Mo ti rí apá pásítọ̀, mo ti rí apá ààfáà, mo ti rí apá ọkùnrin kan tó ní òun kò gba nǹkan kan gbọ́ láyé yìí, tó sì ń ké pe Ọlọ́run nígbà tí abẹ́rẹ́ kàn án. Pupa kan náà ni ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn. Kí n tó wá sí ìlú yìí, olùkọ́ bàólójì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan n'Íbàdàn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe é, ìwà olùkọ́ kò sì tíì kúrò lára mi. Bí ẹnì kan bá sọ ohun tí kò tọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ara á máa yún mi títí n ó fi tún un ṣe. Ìyàwó mi ní àìsàn ni. Ó ní kí n lọ gba ẹ̀jẹ̀ tèmi náà yẹ̀ wò.

Bí mo bá ti ṣíwọ́ lágogo méjì, n kì í fẹ́ lọ sílé tààrà. Ilé wa ní Peckham máa ń tutù, ìyàwó mi sì wà lọ́dọ̀ àwọn arúgbó tó ń tọ́jú ní Kennington títí di ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dẹni tó ń lọ sí kíláàsì ọ̀fẹ́ kan ní ilé ìkàwé, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ìyá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wa nípa àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ nílẹ̀ Gíríìkì. Àwa mẹ́jọ la wà níbẹ̀, méjì nínú wa sì máa ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nítorí pé yàrá náà móoru.

Ohun méjì ló wọ̀ mí lọ́kàn jù níbẹ̀. Èkíní ni ti dókítà àtijọ́ kan tó sọ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ pé wárápá, tí gbogbo wọn ń pè ní àìsàn àwọn òrìṣà, kò ní ọwọ́ òrìṣà nínú ju ibà lọ. Ó ní ọpọlọ ló ń ṣàìsàn. Kí wọ́n tó bí Olúwa wa ni o. Èkejì ni ti bàbá arúgbó kan tí wọ́n pè lẹ́jọ́ pé kò bọ̀wọ̀ fún òrìṣà ìlú, ó sì ń fi ìbéèrè ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ìyá náà ṣàlàyé pé bàbá yìí lè bẹ̀bẹ̀. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé kí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ kó ìyàwó àti ọmọ wá, kí wọ́n wá sunkún níwájú àwọn adájọ́. Bàbá kọ̀. Kò bẹ̀, kò sunkún, ó tún ń bá àwọn adájọ́ ṣàwàdà. Wọ́n fún un ní májèlé mu.

Mo nawọ́ sókè. Mo ní bàbá yìí kò rí ẹni kọ́ ọ nílé ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, àwọn méjì tó ń sùn pàápàá lajú. Mo ní ká ní Yorùbá ni, ì bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àgbà yẹn, wọn ì bá ní kó dìde, ì bá lọ sílé lọ jẹun, nígbà tó bá di ọjọ́ kejì, ì bá tún máa bá ìbéèrè rẹ̀ lọ. Ìyá náà wò mí lókè gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀ lé e kiri ńkọ́, kí ni wọn ì bá gbà gbọ́ nígbà tí wọ́n bá rí i nílẹ̀ níbẹ̀? Mo ní wọn á mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Ó dá mi lójú bí orúkọ ara mi.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà lókè ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà, nínú ilé ńlá kan tí wọ́n fi ń kó ẹrù pamọ́ sí nígbà kan. Bí àwa bá ń kọrin lókè, àwọn a máa lu irin nísàlẹ̀, nígbà míì irin wọn a sì bá orin wa mu ju ìlù tiwa lọ. Èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì àwọn àgbà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lé ní ọdún méjìdínlógún, ọ̀dọ̀ mi ló ń jókòó sí, arúgbó àti ọ̀dọ́ pọ̀. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n wákàtí kan yẹn ni mò ń retí láti Ọjọ́ Ajé. Níbẹ̀ nìkan ni mo tún ti ń jẹ́ tíṣà.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì yẹn. Lewisham ni wọ́n bí i sí, Peckham ló dàgbà sí, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ilé ìtajà kan ní Lewisham ló sì ti ń ta bàtà. Ìyá rẹ̀ nìkan ló tọ́ ọ, ìyá náà sì wà nínú kíláàsì kan náà, ní ìjókòó iwájú, pẹ̀lú gíláàsì tó fi okùn so mọ́ ọrùn. Yorùbá ọmọ náà kò gún régé. Ohùn rẹ̀ máa ń lọ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní ìtìjú, bó bá ti fẹ́ sọ ọ́, á sọ ọ́.

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta kan, lẹ́yìn tí àwọn akọrin ti fi orin dánra wò tán, ó bá mi ní ìdúró bọ́ọ̀sì ní Rye Lane.

“Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè ask yín something? Ẹ má sọ fún Mummy pé mo bi yín o.”

“Béèrè, ọmọ mi.”

“Mo ní epilepsy. Since mo wà ní Year Nine.”

Ó ṣí àpò rẹ̀. Inú agolo ìpara irun kan ló kó hóró oògùn rẹ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ìgbà náà ló tó yé mi ìdí tí ìyá rẹ̀ kì í fi í gbà kó dá wọ ọkọ̀ ojú irin.

“Àwọn kan ní prayer group ń sọ pé tí mo bá ń take àwọn tablets yìí, it means mi ò trust God. Pé it's a spirit, so tablet ò lè touch ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń work ní hospital. Ẹ sọ òótọ́ fún mi.”

“Kì í ṣe ẹ̀mí kankan. Ọpọlọ ni. Lo oògùn ẹ, kó o sì máa gbàdúrà ẹ. Àwọn méjèèjì ò bára wọn jà.”

Ó mí kanlẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n ó di apá aṣọ mi mú.

“So ẹ sọ ọ́ ní class now. Kí everybody gbọ́. Tó bá jẹ́ èmi nìkan lẹ sọ ọ́ fún ní bus stop, it's like secret, innit. Like it's something bad. But tí ẹ bá sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, then I'll know. Mo máa lò ó, mi ò ní worry again.”

Mo ṣèlérí fún un. Bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé, ó sáré wọlé, ó ń juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé bí ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́ tó bá a mu dé, ti bàbá tó mú ọmọ rẹ̀ tó máa ń ṣubú sínú iná àti sínú omi tọ Olúwa lọ. Mo sọ ọ́. Mo ní wárápá kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́. Mo ní iná kan wà nínú ọpọlọ gbogbo wa tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, pé lára àwọn kan, iná náà máa ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ara á sì gbọ̀n, pé oògùn ló ń mú un dúró jẹ́ẹ́. Mo ní ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ kò ṣẹ Ọlọ́run. Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀, ìbá dára. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí, ẹnu ń yún mi. Mo fa ọ̀rọ̀ dókítà Gíríìkì yẹn yọ, mo ní ẹni tí kò tilẹ̀ mọ Olúwa ti mọ èyí tipẹ́tipẹ́.

Díákónì kan nawọ́ sókè. Ẹni bí àádọ́rin ọdún ni, bọ́ọ̀sì ló ń wà kó tó fẹ̀yìn tì, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni.

“Tíṣà, so Olúwa náà ò wá mọ̀? Wọ́n lé ẹ̀mí náà jáde, ẹ̀yin ẹ ní kò sí ẹ̀mí níbẹ̀.”

“Bàbá, Olúwa wo ọmọ náà sàn. Ṣé kíláàsì bàólójì ni wọ́n gbé ọmọ wá sí ni?”

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin yẹn ló rẹ́rìn-ín jù, ó fọwọ́ bo ẹnu, ojú rẹ̀ ń dán. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ìwé náà.

Nígbà tí a ń mu tíì lẹ́yìn kíláàsì, ọmọbìnrin náà kó hóró oògùn rẹ̀ jáde níwájú gbogbo ènìyàn, ó fi tíì gbé e mì. Ìyá rẹ̀ rí i. Mo rí ìyá náà tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sì nu gíláàsì ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo rìn lọ sílé láìwọ bọ́ọ̀sì. Inú mi dùn débi pé mo ra iṣu Ghana méjì lọ́wọ́ ọkùnrin tó máa ń rẹ́ mi jẹ, n kò sì bá a ná an rárá.

Ọjọ́rú ni àtẹ̀jíṣẹ́ Pásítọ̀ wọlé pé àwọn alàgbà fẹ́ rí mi lẹ́yìn ìsìn. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Mo lọ tẹ ìwé jáde ní ilé ìkàwé, ojú ewé mọ́kànlá, àwòrán ọpọlọ wà nínú rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyàwó mi rí fáìlì náà lórí itan mi.

“Daddy, ṣé ẹ fẹ́ lọ bá wọn jiyàn ni?”

“Òótọ́ wà lọ́wọ́ mi.”

“Wọn ò pè yín nítorí òótọ́. Wọ́n pè yín nítorí pé ẹ fi bàbá àgbàlagbà ṣẹ̀sín níwájú àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, kó tán níbẹ̀. Àbí ibo la tún fẹ́ máa lọ?”

Ọ̀rọ̀ ìparí yẹn ló mú mi. Ibo la tún fẹ́ máa lọ? Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú mi dojú rú, àwọn ènìyàn yìí ló ń gbé ìrẹsì àti epo wá sílé wa. Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mi, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń fọ aṣọ rẹ̀. Mo ti rò ó rí, nígbà tí mo ń rìn lójú òjò ní Old Kent Road, pé bí mo bá kú sí ìlú yìí, àwọn wo ló máa sin mí? Àwọn náà ni. Kò sí ẹlòmíràn.

Àwọn mẹ́fà ló jókòó dè mí nínú yàrá kékeré tí a ń kó àga oníke sí. Òtútù mú, kápẹ́ẹ̀tì ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Díákónì jókòó sí igun, kò wojú mi. Pásítọ̀ fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí mo ju ú lọ lọ́jọ́ orí.

“Bùrọ̀dá, a mọ̀ yín, a mọ iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe níbí. A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo oògùn o. Èmi gan-an ń lo oògùn BP. But kí ẹ lọ gbé ìmọ̀ àwọn abọ̀rìṣà wá, kí ẹ wá fi ṣe judge lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, níwájú àwọn ọmọ tí wọn ò tíì dúró dáadáa, ìyẹn ò dáa.”

Alàgbà kan bi mí pé ta ló fún mi láṣẹ láti mú ará Gíríìkì wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Òmíràn bi mí bóyá ohun tí mo ń kọ́ ní ilé ìkàwé ló ń yí mi lórí. Ìgbà náà ni Díákónì sọ̀rọ̀ láti igun rẹ̀.

“Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tí mo máa ń gbé wá sí Sunday school ní gbogbo Sunday nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.”

Nínú gbogbo ìgbẹ́jọ́ yẹn, kò sí ẹnì kan tó bi mí bóyá òótọ́ ni ohun tí mo sọ. Wọn ò jiyàn rẹ̀ rárá. Mo ń wo kádì oògùn Pásítọ̀ tó yọ díẹ̀ lójú àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Fáìlì mi wà lábẹ́ apá mi, ojú ewé mọ́kànlá, kò sì wúlò fún nǹkan kan, nítorí mo rí i pé òótọ́ ni mo ṣẹ̀. Mo fi àgbàlagbà ṣẹ̀sín. Ìyẹn dá mi lẹ́bi ju gbogbo ohun tí wọ́n kà sí mi lọ́rùn.

Mo gbé fáìlì náà sórí àga, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta nínú kóòtù àti táì, mo na ara mi gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Bàbá, ẹ forí jì mí.”

“Ó tó, ó tó, ẹ dìde. Ọlọ́run ti dárí jì.”

Ara tu gbogbo wọn nínú yàrá náà. Díákónì fúnra rẹ̀ ló fà mí dìde, ó gbá mi mọ́ra, omi wà lójú rẹ̀. Ẹnì kan gbé mọ́ọ̀tì àti mít-páì jáde. Pásítọ̀ ní ó ku nǹkan kan, kí n kàn sọ gbólóhùn kan ní kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ọ̀rọ̀ lè parí níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní kò burú. Mo ń jẹ mít-páì lọ́wọ́ nígbà tí mo gbà á.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dúró níwájú kíláàsì. Mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún Díákónì lójú gbogbo wọn. Mo wá sọ pé, “Àṣìsọ ni ohun tí mo sọ níjọ́sí lórí ọ̀rọ̀ wárápá. Ẹ forí jì mí.” Àwọn àgbà ní Àmín, wọ́n pàtẹ́wọ́, ìyá kan ní ìwà rere lẹ̀ṣọ́ ènìyàn. Ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́yìn. Mo wò ó, mo sì ṣẹ́jú sí i, irú èyí tí àgbà máa ń ṣẹ́ sí ọmọdé pé fọkàn balẹ̀, èmi àti ìwọ mọ ohun tó ń lọ. Kò rí i. Ilẹ̀ ló ń wò.

Bí kíláàsì ṣe parí, ó ti jáde. Kò mu tíì. Mo rò pé bọ́ọ̀sì ló ń sá bá.

Mo ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo ní màá pè é lọ́la, ọ̀la sì di ọ̀túnla. Kí n sòótọ́, ojú ló ń tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún ọmọ tó di apá aṣọ mi mú pé mo sọ ọ́, mo sì tún kó o jẹ, nítorí kí n lè rí ẹni sin mí? Mo tún sọ fún ara mi pé kò sí ohun tó nílò àlàyé. Ta ni Yorùbá tí kò mọ̀ pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kò sọ pé òun purọ́? Ìjà ló parí, kò parí òótọ́. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí gbogbo abúlé mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Ó dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó sì lọ gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ náà. N kò rántí pé ọmọ yìí kò rí irú rẹ̀ rí. Ilé ẹ̀kọ́ tó lọ níbí, bí ọmọ bá ní kí wọ́n má bínú, wọ́n á ní kó sọ ohun tó ṣe gan-an, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn, ó gbà á bí mo ṣe sọ ọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó jáde síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó ní òun ti pinnu láti gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run hundred percent, no plan B. A pàtẹ́wọ́. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ là ń gbọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lórí ilé, lórí iṣẹ́, lórí ọkọ. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo tún kígbe Halelúyà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà tí òtútù mú jù, ó ṣubú nínú bàlùwẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ láti aago márùn-ún. Omi wà nínú ọpọ́n ìwẹ̀. N kò lè sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi ló pè mí lórí fóònù. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so okùn mọ́ apá ọkùnrin kan. Ọkùnrin náà ní, “You alright, boss?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ìgò, mo kí i pé ó dàbọ̀. Mo wá lọ sínú yàrá ibi tí a ń kó ìbọ̀wọ́ sí, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Níbi ìsìnkú, Pásítọ̀ ní Ọlọ́run ló fi fún ni, òun náà ló sì gbà á. Mo mọ̀ pé kò ní ibi lọ́kàn. Ó sunkún débi pé ìyàwó rẹ̀ ló bá a ka ìyókù. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn alàgbà tó sọ fún ọmọ náà pé kó má lo oògùn, bí a bá ní ká gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọn á dá gbogbo wọn láre. Mo wá ẹni tí mo lè bínú sí, n kò rí. Mo padà sí kíláàsì ilé ìkàwé lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n ti kúrò lórí bàbá arúgbó yẹn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí ẹlòmíràn. Mo fẹ́ sọ fún ìyá òyìnbó náà pé mo ti rí èsì sí ìbéèrè tó bi mí, nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo ẹni nílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dìde kí wákàtí tó pé, n kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ kí ìyá ọmọ náà, èmi nìkan. Àjà kẹrin ni wọ́n ń gbé, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé káńsù tó wà lẹ́yìn Rye Lane. Ó gbé àga fún mi. Lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, ó gbé àpò ọ̀rá kan jáde, ó sì gbé e sórí tábìlì.

“Ẹ bá mi dá a padà sí hospital. Mi ò lè gbé e lọ sí chemist, mi ò lè.”

Páálí oògùn ló kún inú rẹ̀. Ọmọ náà ń lọ gbà á lóṣooṣù, kò ṣí i. Mo yẹ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára wọn wò, iṣẹ́ mi ni. Èyí tó ṣáájú nínú wọn, ọ̀sẹ̀ tí mo sọ níwájú kíláàsì pé àṣìsọ ni ló gbà á.

Mo kúrò lórí àga, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀.

“Mummy, òótọ́ ni ohun tí mo sọ lákọ̀ọ́kọ́. Ti ìgbà kejì ni irọ́. Àlàáfíà ni mò ń wá. Èmi ni mo pa ọmọ yín.”

Ìyá náà kò sunkún, kò pariwo. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó jẹ́ kí ó rọ̀ sórí àyà rẹ̀.

“Tíṣà, mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Deacon mọ̀, Pastor mọ̀. Gbogbo àwa tá a ti ilé wá la mọ̀ pé ẹ kàn bẹ̀bẹ̀ ni. Mo tiẹ̀ ń sọ lọ́kàn mi lọ́jọ́ yẹn pé, ẹ wò ó, Tíṣà gbọ́n, ó ti pa iná ọ̀rọ̀.” Ó ti àpò náà sún mọ́ mi. “Òun nìkan ni kò mọ̀. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, tábìlì yìí la ti jọ jẹun lálẹ́ ọjọ́ Sunday yẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún un.”